Ìyàwó ti dárí jì í, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù: kí ni àbúrò mi lè fi gbèjà ara rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ jà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọlọ́pàá sì wá gbé e. Ìyàwó sọ fún wọn pé ó fi bẹ́líìtì na òun, ó tún ti òun lu igun tábìlì, orí òun bẹ́, wọ́n sì rán an ní ọsibítù. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ìyàwó ló kọ́kọ́ fi ọmọ odó gbá òun lápá, òun kàn tì í kúrò lára òun ni. A sanwó béèlì ní tẹ́ṣàn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní ìwé ẹ̀sùn. Ìyàwó wá ní òun ti dárí jì í báyìí, òun kò fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ òun ṣẹ̀wọ̀n. Ìyá rẹ̀ náà gbà, ó ní kí a mú owó wá kí òun bá wa fa ẹjọ́ náà yọ. Ṣé ó ṣeé ṣe? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni àbúrò mi lè sọ tí kóòtù yóò gbọ́? Wọ́n ní òfin Èkìtì kì í gbọ́ ti ọkùnrin. Àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún 9, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jà. Ṣé kí a mú un lọ jẹ́rìí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ owó tí ìyá ìyàwó ń bèèrè ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè sọ ẹjọ́ ẹnì kan di ẹjọ́ agbo ilé. Ẹ má san án. Abala 127 nínú Criminal Code, òfin ọ̀ràn dídá tí ìhà gúúsù Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ òyìnbó, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó tàbí ẹ̀bùn láti bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀ tàbí láti dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró. Kí ènìyàn lu ẹnì kejì títí tí ìyẹn fi fara pa, ọ̀ràn ńlá ni lábẹ́ òfin kan náà. Ẹni tó gbowó ló jẹ̀bi tààrà, ṣùgbọ́n ẹni tó kó o fún un kò ní lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ran ìyàwó yín lọ́wọ́ lórí owó ìtọ́jú, kò burú rárá. Ọsibítù ni kí ẹ san án fún, kí ẹ gba rìsíìtì, kí lọ́yà àbúrò yín sì mọ̀ sí i.

Ní ti pé kí ìyàwó fa ẹjọ́ yọ, ẹ mú ìwé ẹ̀sùn náà kí ẹ wo òkè rẹ̀. Ẹ ò ní rí orúkọ ìyàwó níbẹ̀ pé òun ló pẹjọ́. Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá tàbí Ìpínlẹ̀ Èkìtì lẹ ó rí, tí wọ́n dojú kọ àbúrò yín. Ẹlẹ́rìí ni ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun kọ́ ló ni ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba lè tọrọ láti fa ẹjọ́ yọ fúnra rẹ̀ bí ó bá rí i pé ẹ̀rí òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́, tí í ṣe agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, náà lágbára láti dá ẹjọ́ dúró lábẹ́ abala 211 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Ìyàwó lè kọ lẹ́tà sí wọn bí ó bá jẹ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀bẹ̀ lásán ni lẹ́tà yẹn, kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló gbà pé bí ìyàwó bá ti kọ̀ tí kò wá jẹ́rìí, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Abala 182 nínú Evidence Act ti ọdún 2011, òfin tó ń darí ẹ̀rí ní kóòtù, ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ pé ọkọ hùwà ipá sí ìyàwó, tàbí ìyàwó sí ọkọ, kóòtù lè fi dandan mú ẹnì kejì wá jẹ́rìí, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti mùsùlùmí wà nínú rẹ̀ bákan náà. Bí wọn kò bá sì tíì sanwó orí, tí wọ́n kàn ń gbé pọ̀, ìyẹn ò ran àbúrò yín lọ́wọ́, torí ẹlẹ́rìí bíi ti gbogbo ayé ni ìyàwó di nígbà náà. Dókítà tó rán orí rẹ̀ wà, aládùúgbò tó gbọ́ igbe wà, ọlọ́pàá tó bá ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ wà. Ìyàwó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà pátápátá níwájú adájọ́, kí ìwé dókítà kan ṣoṣo sì gbé ẹjọ́ náà dé òpin.

Owó béèlì tí ẹ san ní tẹ́ṣàn, ẹ sọ iye rẹ̀ fún lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí òfin Èkìtì tí wọ́n ní kì í gbọ́ ti ọkùnrin. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó tètè ṣòfin tó dá dúró lòdì sí irú ìwà ipá báyìí. Ọdún 2011 ni, lásìkò Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìyàwó rẹ̀ Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí sì wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn gan-an. Wọ́n tún un ṣe ní 2019. Kì í ṣe lílù nìkan ló ń bá wí. Ó ka ìhalẹ̀, èébú tó ń ba ọkàn jẹ́, fífi owó oúnjẹ fìyà jẹ ènìyàn àti bíba ẹrù ẹni jẹ́ mọ́ ìwà ipá, ó sì fún kóòtù láyè láti pàṣẹ pé kí ẹnì kan má sún mọ́ ẹnì kejì. Ní ti òfin lílu ènìyàn, "ẹnikẹ́ni" ló kọ, kò kọ ọkọ. Ọkùnrin tí ìyàwó fi ọmọ odó gbá lápá ní ẹjọ́ tó lè pè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin Èkìtì kì í fẹ́ wọ tẹ́ṣàn lọ sọ bẹ́ẹ̀. Ojú máa ń tì í pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọtí. Á fi aṣọ bo apá tó wú, á ní kò sí nǹkan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á wá dúró ní kóòtù láìní ìwé dókítà kankan. Òfin kọ́ ló kọ etí dídi sí i nígbà náà, òun ló jẹ́ kí ẹ̀rí rẹ̀ sàn kúrò lára.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé ẹni tó bá lu ìyàwó rẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí san 200,000 náírà. Òfin wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òun ni VAPP Act, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015, ṣùgbọ́n Abuja ni òfin yẹn fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ni wọ́n máa fi ṣẹjọ́ yín ní Ìkọ̀lé. Nínú Criminal Code tí mo dárúkọ lókè, kí ènìyàn kàn gbá ẹlòmíràn láìsí ọgbẹ́ lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 1 dání, lábẹ́ abala 351. Bí ìpalára bá tẹ̀lé e, ó di ọdún 3, lábẹ́ abala 355. Bí ó bá wá jẹ́ ìpalára ńlá, irú èyí tó ba ẹ̀yà ara jẹ́ tàbí tó fi àbùkù tí kò ní lọ síni lára, ó di ọdún 7, lábẹ́ abala 335. Èkìtì ti ṣe Criminal Law tirẹ̀ ní 2021, nítorí náà nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ẹ̀sùn ni kí lọ́yà yín tẹ̀lé, kì í ṣe nọ́ńbà tèmi. Kí ó wo bóyá ìpalára ńlá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orí tí wọ́n rán, tí ó jinná, tí àpá rẹ̀ bọ́ sábẹ́ irun, lọ́yà tó mọ iṣẹ́ lè jà á pé kò tó ohun tí à ń pè ní ìpalára ńlá. Ìyàtọ̀ ọdún 3 sí ọdún 7 wà nínú àríyànjiyàn yẹn nìkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì bìkítà fún un nítorí "mi ò jẹ̀bi" nìkan ni wọ́n fẹ́ sọ.

Ó wá ku ohun tí àbúrò yín lè fi gbèjà ara rẹ̀. Nínú lẹ́tà yín, ohun tó ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bẹ́líìtì.

Òfin gbà pé ẹni tí wọ́n bá kọlù láìṣẹ̀ lè lo ìwọ̀n agbára tó tó láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyàwó bá gbé ọmọ odó sókè lóòótọ́, tí àbúrò yín tì í kí ó má baà gbá òun lẹ́ẹ̀kejì, tí ìyẹn ṣubú lu tábìlì, ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́ nìyẹn. Adájọ́ yóò fẹ́ mọ bóyá ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó tì í, bóyá ọ̀nà wà láti jáde kúrò níbẹ̀, àti bí òun àti ìyàwó ṣe tóbi sí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ọmọ odó lé kì í ráyè tú bẹ́líìtì nídìí ṣòkòtò. Bí bẹ́líìtì bá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, gbígbèjà ara ẹni ti tán, nítorí nínà nìyẹn. Nítorí náà, kí lọ́yà yín gba ìwé dókítà kí ó tó gba ohunkóhun mìíràn. Bí ìwé náà bá kọ orí tó bẹ́ nìkan, tí kò sí ilà kankan lẹ́yìn, lápá tàbí nítan, a jẹ́ pé ihò wà nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó, ibẹ̀ ni kí lọ́yà sì ti bi í léèrè. Bí ìwé náà bá kọ ilà pupa mẹ́rin lẹ́yìn, kí ẹ yáa gbàgbé ọmọ odó.

Kí ẹ tún béèrè bóyá àbúrò yín fi apá rẹ̀ han dókítà kankan. Bí apá náà bá ṣì wú tàbí tí àpá ṣì wà, kí ó lọ lónìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ya fọ́tò. Ọmọ odó fúnra rẹ̀ dà? Bí ó bá ṣì wà nílé, kí ẹnikẹ́ni má fi gúnyán mọ́. Bí fọ́tò tàbí ọ̀rọ̀ orí WhatsApp bá wà tí ìyàwó ti sọ nǹkan kan nípa alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ má pa á rẹ́, kí ẹ sì má gé e kúrú. Abala 84 Evidence Act ló sọ bí irú ẹ̀rí orí fóònù bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọlé, ó sì nílò ìwé ìfọwọ́sí tí lọ́yà yóò ṣe.

Àwọn kan á gbà á níyànjú pé kí ó sọ pé èèṣì ni. Abala 24 Criminal Code dá ẹni tí nǹkan ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láre, lóòótọ́. Àmọ́ títì ti àbúrò yín tì í, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Igun tábìlì nìkan ló lè pè ní èèṣì, ìyẹn sì ṣeé jà díẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí ó sọ pé ìyàwó bú ìyá òun, inú bí òun. Ìmúnibínú wà nínú òfin kan náà, abala 283 àti 284, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tó le. Ohun tó mú inú bí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè gba ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó ṣe é lójú ẹsẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, ohun tó ṣe kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe sí i lọ. Èrò tèmi ni pé májísíréètì kì í fẹ́ gbọ́ ìmúnibínú lẹ́nu ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ wà níwájú pẹ̀lú orí tí wọ́n rán. Ó sì ní ewu kan: ẹni tó ní wọ́n mú òun bínú ti gbà pé òun lù ú. Kò lè tún padà sọ pé òun kò lù ú. Kí ó mú èyí tó jẹ́ òótọ́, kí ó dúró tì í.

Ní ti òótọ́ yẹn, kí ẹ jẹ́ kí ó dá jókòó pẹ̀lú lọ́yà, láìsí ìyá, láìsí ẹ̀gbọ́n, láìsí pásítọ̀. Bí ó bá fi bẹ́líìtì nà án, kí ó sọ ọ́. Ohun tí ó bá bá lọ́yà sọ kò ní jáde, abala 192 Evidence Act ló dáàbò bò ó. Ìtàn tí ẹbí bá hun pọ̀ ní pálọ̀ máa ń tú ká bí agbẹjọ́rò ìjọba bá bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mejì.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní kóòtù tí kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Pé ìyàwó òun ni, òun sanwó orí rẹ̀, kò sí ohun tí ìyẹn ń ṣe. Àwọn tó ní òfin gba ọkọ láàyè láti bá ìyàwó wí ń sọ nípa abala 55 Penal Code, òfin ọ̀ràn dídá ti ìhà àríwá, tí kò kan Èkìtì. Pé ó ti mutí yó, abala 29 Criminal Code ti sọ pé ọtí kì í ṣe àwáwí, àyàfi bí ẹlòmíràn bá fi tipá tàbí ẹ̀tàn fún un mu, tàbí tí ọtí bá ti yí i lórí débi wèrè. Pé ó wà níbòmíràn kò kàn yín, òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun wà nílé.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti wù kó rí ni pé ìjọba ló ní láti fi ẹ̀rí hàn kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání, abala 135 Evidence Act. Àbúrò yín kò ní láti fi hàn pé òun kò ṣe é. Ìwé òfin 1999, abala 36, sì ní kí a kà á sí aláìṣẹ̀ títí wọn yóò fi fi hàn pé ó ṣẹ̀, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún un ní èdè tó gbọ́, kí ògbufọ̀ wà fún un láìsan kọ́bọ̀, kí a má sì fi agbára mú un sọ̀rọ̀ nígbà ìgbẹ́jọ́. Ní tẹ́ṣàn, abala 35 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá fẹ́. Abala kan náà ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ 1 bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, Èkìtì wa kò sì tóbi tó láti ní àwáwí lórí ìyẹn. Ẹ bi í bí ọjọ́ tó lò ní àtìmọ́lé ṣe tó, àti ohun tó kọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lù ú kí ó tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un, kí lọ́yà ta kò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mú un wọlé gan-an. Bí wọ́n bá ti gbà á wọlé tán, ó ti pẹ́. Kóòtù yóò ṣe ẹjọ́ kékeré kan nínú ẹjọ́ ńlá láti mọ̀ bóyá tinútinú ló fi sọ ọ́.

Nígbà tí ẹjọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, kí ó jìnnà sí ìyàwó bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú béèlì rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ pé "rántí àwọn ọmọ rẹ". Ẹ̀ ń pè é ní ìbẹ̀bẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba á pè é ní ìhalẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gba béèlì náà padà. Kí ẹ má lé e kúrò nílé, kí ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára kí òun náà ní ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹbí ọkọ. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, wà ní Èkìtì. Bí àbúrò yín kò bá rówó gba lọ́yà, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wá hàn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé ó jẹ̀bi, kò yẹ kí ìdáríjì ìyàwó ṣòfò. Àkókò rẹ̀ dé nígbà náà. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti ní ó jẹ̀bi, kí ó tó kéde ìyà, lọ́yà á bẹ̀bẹ̀ fún un: pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, pé ó ti san owó ọsibítù, pé ìyàwó kọ̀wé tinútinú. Ibẹ̀ ni lẹ́tà yẹn ti wúlò jù lọ. Ẹni tó jẹ̀bi tó sì gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rí àánú ju ẹni tó fi ọdún méjì pe ìyàwó rẹ̀ ní òpùrọ́ lọ.

Ó ku ọmọ yín. Abala 209 Evidence Act gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láyè láti sọ ohun tó rí láìbúra, bí adájọ́ bá rí i pé ó lóye tó, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ òótọ́. Àmọ́ wọn kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan; ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi kò ní mú un lọ, àfi bí lọ́yà bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí kò sì sí ẹlẹ́rìí mìíràn rárá. Ọmọ tí ẹ bá mú wá jẹ́rìí fún bàbá, agbẹjọ́rò ìjọba yóò bi í nípa ìyá, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sì mọ ohun tó rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, títí kan ẹ̀yin. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè bóyá bẹ́líìtì wà níbẹ̀.